Oúnjẹ Ọ̀sán ní Katong

Ní òpópónà Koon Seng, lápá Joo Chiat àti Katong ní Síńgápọ̀, àwọn àlejò máa ń tò síwájú àwọn ilé aláwọ̀ mèremère láti ya fọ́tò. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ á gba àárín wọn kọjá láìwo ilé kankan. Pátákó oúnjẹ tó wà ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò.

Àwọn oníṣòwò láti Ṣáínà tó gúnlẹ̀ sí Melaka, Penang àti Síńgápọ̀ láyé àtijọ́ fẹ́ obìnrin ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ni Peranakan: ọkùnrin wọn ni Baba, obìnrin wọn ni Nyonya. Ọ̀dọ̀ bàbá ni orúkọ ìdílé ti wá. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ata ti wá.

Tábìlì gígùn ni wọ́n máa ń tẹ́ níbi ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí àwọn àgbà. Tok panjang ni wọ́n ń pè é: abọ́ lórí abọ́, ẹbí jókòó yí i ká, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ilé oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú ti kó gbogbo tábìlì yẹn sórí tíréè kan: ìrẹsì, adìyẹ, ẹ̀fọ́ chap chye, achar oníkíkan díẹ̀, ata sambal ṣíbí kan. Ẹnì kan ló jókòó tì í, ó gbé fóònù ti ife omi.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se babi pongteh, pẹ̀lú sóyà tí wọ́n ti jẹ́ kó kan, àti ṣúgà ọ̀pẹ. Èdè Màléè ni babi tó wà nínú orúkọ ọbẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni Màléè tó jẹ́ Mùsùlùmí kò lè fẹnu kàn án. Àwọn ilé oúnjẹ kan ti fi adìyẹ rọ́pò ẹran náà, wọ́n sì ti gba ìwé halal. Nídìí tábìlì mẹ́rin tí mo lè rí nínú ọ̀kan lára wọn, obìnrin tó wé ìborí wà ní méjì. Inú mi dùn sí i.

Àwọn àgbà sọ pé tí wọ́n bá ń wá ìyàwó fọ́mọ nígbà kan, wọ́n á tẹ́tí sí ìró odó òkúta láti ẹ̀yìn ilé. Bí ọmọbìnrin náà ṣe ń gún ata àti ewé ni wọ́n fi ń mọ irú ọwọ́ tó ní. Ẹ̀rọ ìlọta ló ń pariwo nínú ilé ìdáná báyìí. Ìró kan náà ló ń mú jáde, ẹni yòówù kó tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ náà kì í ṣe Nyonya. Ọ̀dọ́mọkùnrin láti Myanmar ni. Sambal rẹ̀ dára gan-an.

Keluak, èso igi kan tí wọ́n ń kó wá láti Indonéṣíà, májèlé ni tó bá wà ní tútù. Sáyánáìdì ló wà nínú rẹ̀, bíi ti ẹ̀gẹ́ kíkorò tiwa, rírẹ ló sì ń gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ májèlé wọn. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á rì í mọ́ àárín eérú àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nǹkan bí 40 ọjọ́ títí inú rẹ̀ á fi dúdú. Tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ sè é, ó tún di inú omi fún ọjọ́ mélòó kan, wọn á sì máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n á ha inú rẹ̀ jáde, wọ́n á gún un pọ̀ mọ́ ẹran, wọ́n á sì kì í padà sínú èèpo. Lọ́sàn-án, ó máa ń dé orí tábìlì kí yìnyín inú tíì tó yọ́.

Bàbá àgbà kan kó adìyẹ inú abọ́ rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kó keluak tirẹ̀ fún bàbá. Kò sẹ́ni tó rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ nínú àwọn méjèèjì.

Ní 2016, ilé oúnjẹ Candlenut gba ìràwọ̀ Michelin, òun sì ni ilé oúnjẹ Peranakan àkọ́kọ́ tó gbà á. Wọ́n ń fi keluak ṣe áísìkiriìmù níbẹ̀. Ní Katong, ọbẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń bù lé ìrẹsì gbígbóná lórí, dúdú bó ṣe dúdú, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Chua Jim Neo, ìyá Lee Kuan Yew, gbé ìwé ìdáná jáde ní 1974. Ojú àti ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ Nyonya fi ń wọn èròjà, ìyá ló sì ń fi han ọmọ. Ọmọ Chua ni olórí ìjọba Síńgápọ̀ lásìkò tí ìwé náà jáde. Mrs Lee's Cookbook ni wọ́n kọ sára rẹ̀: orúkọ ọkọ.

Ní Ilé Ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé Peranakan tó ṣí ní 2008, àwo tánńganran aláwọ̀ ewé àti pupa rẹ́súrẹ́sú wà lẹ́yìn gíláàsì, ẹyẹ àti òdòdó lára wọn. Ẹyẹ yẹn náà ló wà lára abọ́ oníke tí mo fi jẹun. Ṣíbí ti ha ìrù rẹ̀ kúrò.

Òdòdó telang ló ń sọ apá kan ìrẹsì pulut tai tai di aláwọ̀ aró. Kò fi bẹ́ẹ̀ ní adùn kankan. Ẹnìkan já a, ó sá a, ó rẹ ẹ́, ó sẹ́ ẹ, torí ojú nìkan.

Wọ́n máa ń gé núdù inú ọbẹ̀ laksa ti Katong kéékèèké kó lè ṣeé fi ṣíbí bù, kò sì sí igi ìjẹun lórí tábìlì. Wàrà àgbọn ló wà nínú rẹ̀. Ní Penang, asam laksa kò ní wàrà àgbọn rárá. Ẹja àti àjàgbọn ló gba ibẹ̀. Mo ti gbọ́ tí ọmọ Penang kan ń ṣàlàyé fún ọmọ Síńgápọ̀ pé tiwọn ni laksa. Àlàyé náà gùn ju oúnjẹ lọ.

Kueh lapis, àkàrà alábala tí wọ́n fi oru omi sè, ìpele kan ló máa ń jinná kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Ẹni tó sè é kò lè kánjú. Àwọn ọmọdé máa ń bó o ní ìpele kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Obìnrin onítáì kan bó tirẹ̀ pẹ̀lú, ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì.

Àmì àròpọ̀ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni owó ìsìn, ìdá 10 nínú 100. Èkejì ni owó orí ọjà, tó ti di ìdá 9 láti 2024. Oúnjẹ tí wọ́n kọ dọ́là 20 sí á di nǹkan bíi dọ́là 24. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́ kì í pe kọfí. Wọ́n á sọdá títì lọ sí kopitiam, ilé kọfí àdúgbò, níbi tí iye tó wà lára pátákó ti jẹ́ iye tí wọ́n ń gbà.