Ọ̀rá Ojú Fèrèsé

Kí fèrèsé tuntun tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àwọn alumíníọ̀mù, ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan ti máa ń wà lójú férémù rẹ̀. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni ọ̀rá náà wá ṣe. Sìmẹ́ǹtì tútù a máa jẹ alumíníọ̀mù àti ọ̀dà ara rẹ̀. Bí bíríkìlà bá ń rẹ́ ògiri tí sìmẹ́ǹtì sì ta sí férémù tí kò ní ọ̀rá, àpá rẹ̀ kì í fẹ́ lọ mọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti rẹ́ ilé tán, tí wọ́n sì kùn ún, ó yẹ kí ọ̀rá kúrò. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é kì í fún un ju nǹkan bí oṣù 6 lọ nínú oòrùn.

Ta ló ń kọ́lé tán láàárín oṣù 6 ní Àkókó? Láti Ìkàrẹ́, gba Àkùngbá dé Ọ̀kà, ilé tí fèrèsé ti dé ṣùgbọ́n tí onílé kò tíì dé pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n á kan fèrèsé kí òjò má baà ba inú ilé jẹ́, owó á tán, ọdún á yí po. Oòrùn á pa ọ̀rá náà títí yóò fi gan, tí yóò máa já wẹ́wẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, àtè abẹ́ rẹ̀ á sì lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ọ̀dà. (Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí àlejò lè mọ̀ pé tuntun ni, bí wọ́n ti ń ṣe sí ìjókòó mọ́tò.)

Ti tíṣà-fẹ̀yìntì kan ní Ọ̀kà yàtọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ra àwọn fèrèsé náà ní Ìkàrẹ́, òun ló sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bó ọ̀rá ojú wọn títí di ọjọ́ ìṣílé. Ọjọ́ ìṣílé kò bá a láyé. Fún ọdún 4, bí àwọn ọmọ bá ti dábàá pé kí wọ́n bó o, "Ẹ fi í sílẹ̀ ná" ni ìdáhùn ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ òkú a máa wúwo nínú ilé ju ti alààyè lọ.

Lọ́jọ́ tó wá fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, abẹ ló mú dání. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá tún nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe ló dá a dúró.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ kàn án. Yóò ha ọ̀dà ojú rẹ̀, kò sì ní ṣe é pa rẹ́."

"Ọmọ mi, kí ni kí n wá fi yọ ọ́? Èékánná mi ti tán."

"Omi gbígbóná ni, Màmá, àti sùúrù."

Òótọ́ ló sọ. Àkísà tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná, tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́ ojú ọ̀rá fún ìgbà díẹ̀, ló ń mú àtè rọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fa ọ̀rá padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, láìjá a. Àtè tó bá ṣẹ́kù, kẹrosíìnì díẹ̀ lórí àkísà ló ń ká a, níbi tí oòrùn kò sí. Kọ̀rọ̀ férémù ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ dán an wò, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ lára rọ́bà tó di gíláàsì mú. Omi ọṣẹ ló kàn. Tínà àti kànrìnkàn onírin kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Èyí tó le jù ni ọ̀rá tí rọ́bà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tó yẹ kí àwọn tó kan fèrèsé ti bó kí wọ́n tó fi gíláàsì sí i.

Ọjọ́ 3 ni iṣẹ́ náà gbà. Fèrèsé 2 tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn nìkan ni àtè kọ̀ tí kò kúrò lára wọn, wọ́n rí wúruwùru. Àwọn ọmọ ní kí wọ́n pààrọ̀ wọn. Ìyá ní rárá, bàbá wọn ló rà wọ́n.