Ìrìn Pẹ̀lẹ́ Ní Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a ti rìn tán. Èyí tí a ń múra rẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé bí wọ́n bá ń rin ìgbèríko kiri. Ibùsùn wà nínú ọkọ̀ náà, ibi ìdáná wà níbẹ̀. Abúlé tí ó bá wù wọ́n ni wọ́n ń dúró sí, ọ̀pọ̀ abúlé ibẹ̀ sì ti ya ààyè sọ́tọ̀ tí wọn yóò sùn, tí wọn yóò ti pọn omi. Wọn kì í kánjú. Nígbà tí mo kà nípa wọn, bàbá mi ni mo rántí.

Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá mi. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi kó iṣu àti èlùbọ́ láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta èlùbọ́, a máa jókòó níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Àìmọye ìgbà ni àwọn méjèèjì gba Ìsẹ́yìn kọjá, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ àfi bí táyà bá jò. Bàbá a máa wí fún ìyá mi pé, "Bí mo bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a ó rin ọ̀nà yìí. Ìwọ ni wàá máa sọ ibi tí a ó ti dúró." Bàbá kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó di ọdún kẹta báyìí. Ìyá mi ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n.

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ gbé ìyá mi rin ọ̀nà náà, àbúrò mi fárígá. "Bùrọ̀dá, kò sí òkú, kò sí ìyàwó, ẹ fẹ́ máa jó epo kiri Òkè-Ògùn? Òrùlé Màmá mà ń jò!" Òótọ́ ni, òrùlé ń jò. Mo bi ìyá mi pé èwo ni kí a kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ní, "Òrùlé kò ní sá lọ. Ẹsẹ̀ mi ni n kò mọ̀." Àbúrò mi dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun yóò wá owó páànù kí òjò tó dé.

Bọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ mi ni a ó yá. A ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn, a ó tẹ́ fóòmù, a ó gbé sítóòfù àti kẹ́ẹ̀gì omi sí i. Ìgbà ìsinmi Kérésìmesì ni, tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, tí òjò ti lọ.

Láti Mọníyà dé Ìsẹ́yìn jẹ́ kìlómítà 65. Ní Ìsẹ́yìn, ìyá mi fẹ́ jókòó ti àwọn ahunṣọ. Ilé aṣọ òkè ni ìlú náà: sányán tí a ń fi òwú kòkòrò inú igbó hun, ẹtù tí a pa láró, àti àlàárì pupa. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ṣe ń hun aṣọ náà ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí a tó rán an pọ̀, kò ní ná an ní ìnákúnàá mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Adó-Àwáyè, níbi tí adágún omi Ìyàkẹ́ wà lórí òkè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 300 lọ. Èmi àti àwọn ọmọ ni yóò gùn ún. Ìyá mi yóò dúró nísàlẹ̀ ní ibòòji. Wọ́n ní kí n má bínú, àwọn yóò máa bá àwọn aláta tàkúrọ̀sọ.

Òkèhò ló kàn. Ní 1916, àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn ará Ìsẹ́yìn dìde sí ètò ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1917 ni Òkèhò kúrò ní ibùdó rẹ̀ àtijọ́ lórí òkè wá sí ibi tí ó wà lónìí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi fi ojú ara wọn wo òkè náà.

Nígbà tí a bá dé Ṣakí, lábẹ́ òkè Àsabàrí, ọwọ́ ìyá mi ni àkóso wà. Wọ́n ní àwọn oníbàárà àtijọ́ láti wá rí, wọn kò sì mọ ẹni tí ó ṣì wà láyé nínú wọn.

Ìgbòho ni a ó parí rẹ̀ sí. Lẹ́yìn tí àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ibẹ̀ ni ó di olú ìlú. Aláàfin mẹ́rin ni a sin síbẹ̀: Ọ̀fínràn, Egúnojú, Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé. Nígbà tí Abípa fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, ìtàn ní àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ rán àwọn ènìyàn síbẹ̀ láti ṣe bí iwin. Ọba rán ọdẹ, ọdẹ mú àwọn iwin náà wálé, ni a bá ń pe Abípa ní Ọba M'ọ́rọ̀. Lónìí, ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. A kò ní wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ má rin òru. Ẹ má sùn sínú igbó bí àwọn ará Faransé. Inú ìlú ni kí ẹ sùn sí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí ọba tàbí baálẹ̀. Ẹ béèrè ìròyìn ọ̀nà ní gáréèjì kí ẹ tó gbéra, ẹ ra epo nígbà tí ẹ bá rí i. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí kò dára, ẹ yí padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìyá mi ti di ẹrù báyìí, oṣù kan kí ọjọ́ tó pé. Lánàá mo rí fìlà bàbá mi nínú àpò náà. N kò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.