Ká Gbé E Fò, Tàbí Ká Jẹ́ Kó Sinmi?

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, pàǹtí ni bàálù ogun dà lójú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti ṣe Spitfire tó lé ní 20,000, Lancaster tó lé ní 7,000, àti Halifax tó lé ní 6,000. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ tí wọ́n sì yọ́ alumíníọ̀mù wọn. Wọ́n tilẹ̀ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ ilé fún àwọn tí kò nílé. Lónìí, Lancaster tó ṣì lè fò ní gbogbo ayé kò ju méjì lọ: ọ̀kan wà lọ́wọ́ RAF, ọmọ ogun òfurufú Bìrìtéènì, ní Coningsby, èkejì wà ní Hamilton ní Kánádà. Ní ti Halifax, kò sí ẹyọ kan tó ń fò.

Iṣẹ́ páànù ni mo ń ṣe lára àwọn tó ṣẹ́kù wọ̀nyí. Ìkẹjà ni mo ti kọ́ ọ, lára bàálù akérò, kí n tó wá sí Ìlú Ọba. Mo rò pé n kò ní í pẹ́ nídìí ohun àtijọ́. Irun mi ti funfun nídìí rẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tí wọ́n ń pè mí lórúkọ bí ẹgbẹ́ wọn (àṣà wọn ni, mo ti gbà fún wọn), máa ń béèrè ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé kì í ṣe ìjọba. Àwọn tí ará àdúgbò ń wò bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé ni.

Richard Shuttleworth jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ olówó ni, ní Old Warden ní Bedfordshire. Láàárín 1930 sí 1939, tí gbogbo ènìyàn ń lé bàálù tuntun, ògbólógbòó ni òun ń rà. Ó ra Blériot tí wọ́n ṣe ní 1909, ó tún un ṣe, ó sì ń gbé e fò. Bàálù RAF ló já pẹ̀lú rẹ̀ ní 1940. Ẹni ọdún 31 ni. Dorothy ìyá rẹ̀, tí kò ní ọmọ mìíràn, kò ta ẹrù ọmọ rẹ̀. Ó fi ogún náà dá àjọ sílẹ̀ ní 1944. Blériot náà ṣì wà níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọn a máa gbé e fò díẹ̀ lókè koríko. Àwọn bàálù Ogun Àgbáyé Kìíní tó wà níbẹ̀ ń kọ́? Epo lárà ni púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì wọn ń mu. Ẹ́ńjìnnì náà kì í dá epo yìí padà sínú táńkì, ó kàn ń tu ú dà sẹ́yìn ni, tí yóò fi ta sí awakọ̀ lójú. Ẹni tí wọ́n ti fún ní epo náà mu ní kékeré láti fọ inú kò ní í ṣi òórùn rẹ̀ mọ̀ ní Old Warden.

Irú ènìyàn bíi Shuttleworth ló gba bàálù Mosquito àkọ́kọ́ là. Pákó ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ti fẹ́ dáná sun ún lẹ́yìn ogun. Òṣìṣẹ́ kan nílé iṣẹ́ tó ṣe é, Bill Baird, ń gbé e pamọ́ kiri títí Walter Goldsmith, ẹni tó ni ilé Salisbury Hall lẹ́bàá London Colney, fi gbà á sọ́dọ̀. Ní 1959 wọ́n ṣí ibẹ̀ fún ará ìlú. RAF fúnra rẹ̀ ti kó Spitfire mẹ́ta àti Hurricane kan jọ ní Biggin Hill ní 1957 fún ìrántí. Àwọn ni wọ́n bí ikọ̀ tó wà ní Coningsby lónìí.

Fíìmù ló wá sọ iṣẹ́ wa di òwò. Ní 1968, àwọn tó ń ya Battle of Britain wá Spitfire àti Hurricane kiri ayé, wọ́n sì ra bàálù lọ́wọ́ ìjọba Sípéènì láti fi ṣe ti Jámánì. Ní pápákọ̀ òfurufú Duxford, wọ́n fọ́ hángà kan tó ti wà láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní túútúú nítorí kámẹ́rà. Inú ṣì máa ń bí mi sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù parí, àwọn bàálù náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó lówó, àwọn wọ̀nyí sì nílò oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi. Nígbà tó ṣe, RAF gba kí wọ́n gbé Spitfire tó dúró sí ẹnu géètì bárékè rẹ̀ lọ, tí òjò ti ń pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n sì fi ayédèrú oníke rọ́pò wọn. Ní 2015, wọ́n ta Spitfire kan tó já sí etíkun Calais ní 1940 ní mílíọ̀nù 3.1 pọ́n-ùn.

Owó yẹn dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa oníṣẹ́ lórí bóyá bàálù àtijọ́ náà ni à ń tà lóòótọ́, nítorí bàálù tí yóò fò gbọ́dọ̀ tẹ́ CAA, àjọ tó ń ṣòfin ọkọ̀ òfurufú ní Bìrìtéènì, lọ́rùn. Páànù tó ti sùn nínú iyanrìn fún ogójì ọdún kò lè gbé ènìyàn mọ́. Òpó tó di apá Spitfire mú, páìpù onígun mẹ́rin tí wọ́n ki bọ inú ara wọn ni, tí iye wọn ń dín bó ti ń lọ sí ṣóńṣó apá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ yóò ṣe tuntun. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ tí ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò kún bárò kan. Bàálù náà fò nígbẹ̀yìn, ó rẹwà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló dàgbà jù mí lọ dáadáa.

Ẹ lọ wo Halifax méjì, ẹ óò rí ohun tí à ń jà lé lórí. W1048 ni èyí tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé RAF ní Hendon. Ní oṣù Kẹrin 1942 ló lọ ju bọ́ǹbù sí Tirpitz, ọkọ̀ ogun ojú omi Jámánì, ní Norway. Ìbọn bà á, awakọ̀ rẹ̀ sì fi ikùn rẹ̀ balẹ̀ sórí adágún Hoklingen tó ti di yìnyín. Yìnyín yọ́, bàálù rì. Wọ́n fà á jáde ní 1973, wọn kò sì sọ ọ́ di tuntun: bó ṣe ya, bó ṣe jẹrà, ó wà níbẹ̀. Ní Elvington nítòsí York, apá kan lára Halifax tí wọ́n ti fi ṣe ilé adìyẹ ní erékùṣù Lewis ní Scotland ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n so apá bàálù Hastings mọ́ ọn, wọ́n ń kàn án títí di 1996. Ó ń dán.

Ti Hendon ni olùkọ́ mi. Lára rẹ̀ ni mo ti ń rí ọwọ́ ẹni tó gbá rífẹ́ẹ̀tì: ibi tó ti fara balẹ̀, ibi tó ti kánjú. Bí a bá kùn ún, gbogbo rẹ̀ parẹ́. Síbẹ̀, ti Elvington ni mo máa ń mú àlejò lọ wò, nítorí ọmọdé kò lè ti ara àfọ́kù mọ bí odindi ṣe rí. Yorkshire náà sì ni Akin Shenbanjo ti fò, ọmọ Nàìjíríà tó ń bójú tó wáyálẹ́ẹ̀sì nínú Halifax ikọ̀ 76, tó gba àmì ẹ̀yẹ DFC. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ “Achtung! The Black Prince” sí imú bàálù wọn.

Iṣẹ́ náà ti yí padà. Ní 2013, wọ́n gbé bàálù Jámánì kan, Dornier 17, jáde láti inú òkun ní Goodwin Sands létí Kent. Iyọ̀ ti wọ inú alumíníọ̀mù rẹ̀, bí atẹ́gùn bá sì ti kàn án, ìjẹrà á tún yára sí i. Inú àgọ́ gígùn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí ní ẹ̀ka ilé ìṣẹ̀ǹbáyé RAF ní Cosford, tí wọ́n ń fi omi tó ní ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ wẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́. Òòlù kò wúlò níbẹ̀. Ewu mìíràn tún wà tí ojú kì í rí: ọ̀dà tó ní radium ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà sójú ọ̀pọ̀ aago níwájú awakọ̀, kó lè máa tàn lóru. Títàn rẹ̀ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 1,600 ni radium ń lò kó tó dín sí ìlàjì. Ọmọ iṣẹ́ mi kankan kò gbọdọ̀ ṣí irú aago bẹ́ẹ̀.

Mo mọ adùn fífò. Bí ẹ́ńjìnnì Merlin bá dún kọjá lókè orí ènìyàn, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu. Owó èrò ìwòran ló sì ń bọ́ hángà. Blenheim kan ní Duxford gba ọdún 12 kó tó fò ní 1987. Ọdún náà gan-an ló já. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ tún òmíràn ṣe, ó fò ní 1993, ó fara pa ní 2003, ó tún gòkè ní 2014. Mo bọ̀wọ̀ fún irú oríkunkun bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1996, Mosquito tó kẹ́yìn nínú èyí tó ń fò ní Bìrìtéènì já ní Barton nítòsí Manchester, àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ 2015, Hunter kan já sójú títì ní Shoreham, ó pa ènìyàn 11. CAA mú òfin le lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ọ̀rẹ́ mi awakọ̀ má bínú: èyí tí irú rẹ̀ ṣì pọ̀, bíi Spitfire, kó máa fò, èyí tó bá ku òun nìkan, kó jókòó.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin tó ń kà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Nàìjíríà dáwó ra Spitfire fún RAF. Wọ́n fi orúkọ Nàìjíríà kún ti ikọ̀ 91 tó ń fò láti Hawkinge, wọ́n sì kọ “Nigeria Oyo Province” sára ọ̀kan nínú bàálù rẹ̀. Peter Adeniyi Thomas láti Èkó di awakọ̀ àti ọ́fíṣà RAF, ó sì kú sẹ́nu iṣẹ́ náà ní 1945. Páànù kò wọ́n wa. Fọ́tò àti lẹ́tà irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló wọ́n. Bí bàbá tàbí bàbá àgbà yín bá ti wọ aṣọ RAF rí, ẹ wá fọ́tò rẹ̀ jáde, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀, ẹ má lo bírò, kí ẹ sì mú un lọ fi hàn wọ́n ní Hendon. Wọn kì í gba owó ìwọlé níbẹ̀, Colindale sì ni ibùdókọ̀ ojú irin tó sún mọ́ ọn.