Láti Lotto dé Gbọ̀ngàn Glover

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò kan ni mo mú wá, ṣùgbọ́n láti inú ìpàdé kan ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àdúgbò wa ní Lotto, gbọ̀ngàn kékeré kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò fún eré, orin àti ìlù. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, òjò sì ń rọ̀ sí inú rẹ̀. Nígbà tí a pe ìpàdé pé kí ilé kọ̀ọ̀kan dá owó láti tún un ṣe, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde tí mo wí pé, “Ilé Ọlọ́run ni kí a náwó sí, eré lè dúró.” Ọ̀pọ̀ àgbà gbà fún mi, ìpàdé sì tú ká láìsí ìpinnu.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Èkó. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo wọ ọkọ̀ ní ọ̀nà márosẹ̀ tí a ṣí ní 1978. A kọjá Ibafo, Magboro àti Arepo, a sọdá odò Ògùn, a sì gba afárá gígùn orí ọ̀sà tí a parí ní 1990. Nígbà tí mo ṣe iṣẹ́ mi tán, mo rìn dé ẹ̀bá Marina, níbi tí Gbọ̀ngàn Glover wà.

Sir John Hawley Glover, ẹni tí ó ti ṣe alákòóso Èkó rí, kú ní 1885. Àwọn ará Èkó dá owó jọ láti fi ṣe ìrántí rẹ̀, a sì kọ́ gbọ̀ngàn náà ní 1887. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn han àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ wa, ní oṣù August, 1903.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gún mi ní ọkàn ni ti ọjọ́ 12 oṣù June, 1944. Ní ọjọ́ náà, Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọsà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, tí ó ń ṣe ọlọ́pàá nígbà náà, ṣe eré ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run nínú gbọ̀ngàn yìí. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìjọ Church of the Lord ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta ń wá owó láti kọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fi eré ràn wọ́n lọ́wọ́. Eré ni ó wá owó fún ilé ìjọsìn! Ojú tì mí níbi tí mo dúró sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo padà, mo ya gbọ̀ngàn wa. Ọmọdébìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ kú àbọ̀, sà. Inú ibí yìí ni a ti kọ́ eré Kérésìmesì tí a ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò rọ̀ sí aṣọ àwọn áńgẹ́lì, a sì sá a kí ó tó gbẹ.” Èmi tí mo pàtẹ́wọ́ fún eré náà kò béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Ní ìpàdé kejì, mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Mo dábàá kí ilé kọ̀ọ̀kan máa san náírà 200 ní ọ̀sẹ̀. Ìyá àgbà kan béèrè pé, “Ta ni yóò pa owó náà mọ́? A ti dáwó rí tí a kò rí iṣẹ́.” Òótọ́ ni ó sọ. Nítorí náà a fi ẹni mẹ́ta ṣe olùtọ́jú owó, òun náà sì jẹ́ ọ̀kan. Ní oṣooṣù ni a ó máa lẹ ìṣirò mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, kí ọmọdé àti àgbà lè kà á. Àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú yóò ṣe eré, wọn yóò sì gba owó ìwọlé.

Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó tí ì san. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Bí ọ̀dọ́ ìlú yín bá ní irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, ẹ wo òrùlé rẹ̀ kí òjò tó dé.