Ẹ̀fọ̀n-Aláayè: Ìtàn Tó Wà Nínú Orúkọ

Bí ènìyàn bá ti Aramọkọ kọrí sí ọ̀nà Iléṣà, òkè ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì títí yóò fi wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ka orúkọ ìlú náà lára pátákó tí kò ní àmì ohùn. Ó rẹ́rìn-ín: "Ṣé ìlú ẹ̀fọn tó ń jẹni lálẹ́ rèé?"

Bàbá àgbàlagbà kan yíjú padà. "Ọmọ mi, ẹ̀fọn kọ́. Ẹ̀fọ̀n ni."

Àwọn àgbà a máa so orúkọ yìí mọ́ ẹfọ̀n, ẹranko abìwo tó wà nínú igbó òkè wọ̀nyí láyé àtijọ́, bí ohùn tilẹ̀ yí díẹ̀. Aláayè ni oyè ọba ìlú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so ó mọ́ Ọbalùfọ̀n Aláyémọrẹ, Ọọ̀ni tó fi Ifẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí Ọ̀rànmíyàn gba ìtẹ́, tó sì wá tẹ̀dó síbí. Apá kan orúkọ ń sọ ohun tí wọ́n bá nílẹ̀. Apá kejì ń sọ ẹni tó dé.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìlú. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya Ẹ̀fọ̀n sọ́tọ̀ lára kòkòrò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa fi àmì sórí orúkọ ìlú yín, kí ẹ sì béèrè ìtàn rẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.