Bàbá Perpetua

Eléyìí máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ó ti pẹ́ tí àwa àti Màmá yín ti ń fi ìtàn Perpetua wàásù. Ẹ mọ bá a ṣe máa ń sọ ọ́: ọmọ nǹkan bí ọdún 22, ará Carthage, ní Tùnísíà òde òní, Áfíríkà wa níbí náà ni. Ó ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n lọ́dún 203, torí pé kò sẹ́ Jésù. A ó sọ ti màlúù, a ó sọ ti idà, ìjọ á pariwo Hallelúyà. Tó bá kan bàbá rẹ̀, kíá la máa ń kọjá. Bàbá abọ̀rìṣà tó fẹ́ fa ọmọ sẹ́yìn, ó parí.

Lóṣù tó kọjá, bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa wá sí géètì lálẹ́ ìṣọ́ òru. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù, bàbá ò sì fẹ́. Kò wá jà o. Ó ní kí wọ́n ṣáà bá òun pe ọmọ òun. Àwa la ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn. A tún gbé àdúrà dìde lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ irú àdúrà tá a gbà.

A délé, oorun ò kùn wá. Màmá yín ní, "Ẹ jẹ́ ká ka ibi tí bàbá wà, ká fi ti màlúù sílẹ̀." Perpetua fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé yẹn nínú ẹ̀wọ̀n, ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó pẹ́ jù lọ tí obìnrin Kristẹni fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàbá yẹn wá. Lẹ́ẹ̀kíní, ó bínú bíi pé kó yọ ojú ọmọ rẹ̀. Perpetua ò fi bò, ó ní ọ̀rọ̀ èṣù ló gbé wá, ara sì tu òun nígbà tí òun ò rí i fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ìrònú ti mú kó rù. Ó ní kó ṣàánú ewú orí òun, pé òun fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn ọmọkùnrin òun lọ. Ó fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, ó wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún, kò pè é lọ́mọ mọ́, bí ẹni ń pe ọ̀gá obìnrin ló ń pè é. Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó bí! Ta ló máa rí i nínú wa tí ò ní yọ́?

Lẹ́ẹ̀kẹta, iwájú Hilarianus tó ń ṣèdájọ́ ni. Bàbá gbé ọmọ ọwọ́ náà dání, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó rúbọ. Perpetua ní Kristẹni lòun. Bàbá ò dẹ́kun ẹ̀bẹ̀, ni Hilarianus bá ní kí wọ́n tì í ṣubú, wọ́n fi ọ̀pá nà án. Perpetua kọ ọ́ pé ó dun òun bíi pé òun gan-an ni wọ́n nà. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá ò dá ọmọ padà fún un mọ́. Ó ní Ọlọ́run bá òun ṣe é, ọmọ ò béèrè ọmú mọ́, ọmú òun náà ò sì wú. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ń fa irùngbọ̀n ara rẹ̀ tu, ó dojú bolẹ̀. Àánú ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ọmọ kọ sílẹ̀. Síbẹ̀ kò yẹsẹ̀.

Ẹ mọ ìyókù: ọjọ́ keje oṣù kẹta, màlúù kàn án, ó dìde, ó fa Felicitas dìde, ẹrúbìnrin tó bímọ sẹ́wọ̀n níjọ́ mélòó kan ṣáájú.

Ní Sátidé, a mú ọmọ náà dání, àwa àti Màmá yín, a lọ sílé bàbá rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, Màmá yín kúnlẹ̀. Bàbá wo ọmọ rẹ̀ títí, ó ní ó ti rù. Ó bu omi fún un, kò bu fún wa. Ọmọ náà sọ fún un pé òun ò ní fi Jésù sílẹ̀. Kò dáhùn, àmọ́ kò lé e.

A ó tún padà lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀yin tá a jọ gbàdúrà lóru ọjọ́ yẹn, ẹ tún un gbà.