Iyán Ọdún Ògìyán àti Àwa Ìyàwó Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí jẹ mọ́ iyán, ó jẹ mọ́ ọdún, ó sì jẹ mọ́ ìyá ọkọ. Bí ẹ bá rò pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bára tan, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ láti wo eré àwọn ará Íńdíà. Ẹni tí ó bá ti ń wò ó tipẹ́ yóò ti rí ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Holi, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń da ẹ̀tù aláwọ̀ oríṣiríṣi lu ara wọn. Ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ni. Ọjọ́ tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ yíká nínú oṣù tí wọ́n ń pè ní Phalguna ni wọ́n ń ṣe é, láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹta wa, nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní apá àríwá Íńdíà. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, wọ́n a dá iná ńlá láti rántí Holika, obìnrin inú ìtàn tí ó gbé ọmọdékùnrin kan, Prahlad, wọ inú iná láti fi pa á. Iná jó òun fúnra rẹ̀, ọmọ sì yọ láìfarapa. Àwọn ìyàwó ilé a din gujiya, èyí tí í ṣe ìyẹ̀fun pípò tí a fi wàrà tí a sè títí tí ó fi ki àti ṣúgà sí nínú.

Bí ìlú sì ti yàtọ̀ ni ìṣe yàtọ̀. Ní Barsana, àwọn obìnrin ni í fi ọ̀pá na àwọn ọkùnrin, tí àwọn ọkùnrin á máa fi asà gba ara wọn sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Bengal, wọ́n a gbé ère Krishna àti Radha sí orí jangilọ́fà. Ní Anandpur Sahib, láti ọdún 1701 ni Guru Gobind Singh ti sọ ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé Holi di ọjọ́ ẹṣin gígùn àti eré ogun fún àwọn Sikh. Àwọn ọmọ Íńdíà tí ó wà ní Trinidad àti Guyana náà kò gbàgbé rẹ̀. Phagwah ni wọ́n ń pè é.

Ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ti mọ gbogbo àwọ̀ Holi lórí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé, "Màmá, àwa ńkọ́? Èwo ni tiwa?" Ìbéèrè yẹn ni ó mú mi kọ èyí.

Tiwa ń bẹ. Isundunrin ni ìlú ọkọ mi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní Èjìgbò ni a ti ń ṣe ọdún Ògìyán, nígbà òjò, tí iṣu tuntun bá ti ń jáde. Orúkọ náà fúnra rẹ̀, inú odó ni ó ti wá: òrìṣà tí í jẹ iyán. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin jagunjagun kan ni ó wá láti Ifẹ̀, tí ó tẹ̀dó sí Èjìgbò tí ó sì di Eléjìgbò. Ó fẹ́ràn iyán tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ìgbà tí kì í jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń sọ pé nítorí iyán ni ó ṣe dá odó sílẹ̀. Títí di òní, Ògìyán ni orúkọ oyè ọba Èjìgbò.

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Ọba yìí ní ọ̀rẹ́ kan tí í ṣe babaláwo, tí wọ́n jọ ti Ifẹ̀ wá. Ọ̀rẹ́ náà rìnrìn àjò. Nígbà tí yóò fi padà, abúlé ti di ìlú olódi, oníbodè sì ti wà ní ẹnu ọ̀nà. Kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Orúkọ àwàdà àtijọ́ ni ó fi béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó pè é ní ẹni tí ń jẹ iyán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ó bú ọba, wọ́n lù ú, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni òjò ti kọ̀ tí kò rọ̀, tí obìnrin kò bímọ, tí ẹṣin ọba kò rí koríko jẹ, fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tí a dífá ni a tó mọ̀ pé ẹnìkan ń jìyà lẹ́wọ̀n láìṣẹ̀. Ọba fúnra rẹ̀ ni ó lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ará ìlú máa fi àtòrì na ara wọn lọ́dọọdún, kí wọ́n má baà gbàgbé ìyà tí wọ́n fi jẹ òun. Ìdí nìyí tí àwọn ará Òkè Màpó àti ti Ìsàlẹ̀ Òṣolò fi ń fi àtòrì pàdé ara wọn níbi ọdún Ògìyán. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́.

Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé ọdún yìí dání. Ní Bahia, Oxaguiã ni wọ́n ń pe òrìṣà náà. Wọ́n a gbé iṣu gígún jáde fún àwọn ènìyàn, wọ́n a sì pín àtòrì tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi kan ara wọn lára fẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe kí a nà títí kí ara ó bó. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gbé Bahia títí ó fi kú ní ọdún 1996, kọ nípa Èjìgbò àti Bahia papọ̀.

Nílé wa níhìn-ín náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún Ẹ̀gbodò, tí a fi ń kí iṣu tuntun káàbọ̀. Ọ̀wọ̀ ní Igògo, tí wọ́n ń ṣe fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún láti bu ọlá fún Ọrọnsẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ ayé àtijọ́. A kì í lu ìlù ní àkókò náà, agogo ni wọ́n ń lù, Ọlọ́wọ̀ a sì di irun bí obìnrin. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin obìnrin ṣàkíyèsí ìyẹn.

Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ìlú, èèwọ̀ ni kí ènìyàn fi iṣu tuntun kan ẹnu kí ọdún tó dé. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé, mo rí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Iṣu tí a bá kánjú wà kò tíì gbó. Omi ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá sì dúró, tí a wá gé iṣu náà kúrò lábẹ́ orí rẹ̀ láìfa ìtàkùn tu, orí náà yóò tún ta iṣu kéékèèké tí a ó fi ṣe èèbù fún ọdún tí ń bọ̀. Èèwọ̀ yẹn ń pa èèbù mọ́ fún àwọn ọmọ wa. Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Àgbáyé fi hàn pé nínú iṣu mẹ́ta tí a ń wà láyé, nǹkan bí méjì ni ó ń ti Nàìjíríà jáde. A kò gbọdọ̀ jẹ́ àlejò nínú ohun tí ó jẹ́ tiwa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń dun ọ̀pọ̀ ilé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ti Abidjan dé sí Isundunrin pẹ̀lú ọmọ méjì. Ẹ mọ̀ pé láti ayé àwọn baba ńlá wa ni àwọn ará agbègbè Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, tí èdè Faransé kò fi ṣàjèjì mọ́ ní agbo ilé wa. Ìyá ọkọ wa, Àlàájà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ni ó gún iyán fúnra rẹ̀ láti fi gba àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí a ti gbé abọ́ kalẹ̀, ìyàwó wa sọ gbólóhùn kan ní Faransé, àwọn ọmọ sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyá kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí kì í gbọ́ èdè ọwọ́ tí a fà kúrò nínú abọ́. Ó dìde, ó ní òun ń lọ wo ewúrẹ́.

Mo tẹ̀ lé ìyàwó wa lọ sí ilé ìdáná. Ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé gbogbo iṣu àkókò yìí ni a ti fi bọ òrìṣà, pé ọmọ tí ó bá jẹ ẹ́ ti di ti òrìṣà." Mo bi í pé, "Ǹjẹ́ o bi Ìyá?" Ó ní rárá. Mo ní kí ó lọ bi í. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, ó sì béèrè. Ìyá wò ó títí, ó wá ní, "Ìyàwó mi, iṣu oko wa ni. Èmi ni mo sè é, Bísímílà ni mo sì fi gún un. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú oúnjẹ mi, èmi ni kí o bi, má bi ará ìta." Ọmọ tí ó jẹ́ àgbà jẹ iyán náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Èyí àbúrò kò jẹ, nítorí oorun ti gbé e lọ.

Ẹ̀yin aya ọ̀dọ́, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ lọ sí ojú agbo, kí ó jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya ohun tí a gbé lọ sí ojúbọ sọ́tọ̀ kúrò lára oúnjẹ tí ìyá ọkọ fi ìfẹ́ sè. Ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí ẹ tó kọ̀. Bí a kò bá béèrè, ìbẹ̀rù yóò gbé àwọn ọmọ wa jìnnà sí ìyá àgbà wọn, wọn kò sì ní mọ ohun tí ó yà wọ́n.

Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ bá ń yọ́ ìwé yìí kà, ọ̀rọ̀ kan kàn yín. Ọdún kì í ṣe ẹrù obìnrin nìkan. Ìyàwó tí ó gbé ọmọ sẹ́yìn wọ mọ́tò wá láti ìlú òkèèrè kò gbọdọ̀ dá gún iyán ogún ènìyàn. Ẹ bó iṣu, ẹ pọn omi, ẹ gba ọmọ odó lọ́wọ́ wa.

Iṣu tuntun ní ọgbọ́n tirẹ̀. Omi díẹ̀ ni kí ẹ fi sè é, kí ẹ sì da omi náà nù ní kété tí ó bá jinná, nítorí bí ó bá pẹ́ nínú omi, iyán yóò rọ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ gún un láìfi omi sí i títí kókó yóò fi tán pátápátá. Bí ó bá wá le jù ni kí ẹ tó ta omi gbígbóná díẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ iyán líle, kí ó po iṣu ọdún tó kọjá mọ́ ọn bí ó bá ṣì kù nínú abà. Bí kò bá sí odó nílé, ìyẹ̀fun pòǹdó kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ìró odó ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹ má sì fi iyán nìkan bọ́ ọmọ. Nínú 100 gírámù iṣu tútù, nǹkan bí gírámù 28 ni èròjà afúnni-lágbára, ṣùgbọ́n èyí tí ń mú ara ọmọ dàgbà kò ju gírámù kan ààbọ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹran gbọdọ̀ bá a rìn. Àtòrì wà fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ ìlànà rẹ̀. Ẹ fi àwọn ọmọ kéékèèké sí ìloro, kí ẹ sì máa sọ ìtàn ọ̀rẹ́ méjì náà fún wọn níbẹ̀.

Lónìí, apá Ìyá wa kò ká ọmọ odó mọ́. Àwa ìyàwó ni a ń gún un, òun a jókòó ti ẹnu ọ̀nà, a máa sọ fún wa ibi tí kókó ṣì kù sí. Ẹ̀yin tí ìyá ọkọ yín ṣì lè gún iyán, ẹ tètè kó àwọn ọmọ lọ kí i. Ọdún á yabo fún gbogbo wa o.